Ṣé Ọ̀run Nilé Lóòótọ́? Ìbéèrè Yín Lórí Àwọn Ìwé N. T. Wright

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọkùnrin kan ṣoṣo yìí, N. T. Wright, ọ̀mọ̀wé Bíbélì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ̀ ju èyí tí ojú-ìwé wa lè gbà lọ. A mú mẹ́fà nínú wọn. Àwọn tí ìbéèrè wọn jọra, a pa wọ́n pọ̀ sójú kan.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré ni mo ti wà nínú ìjọ, èmi náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì fi ìwé kan sílẹ̀ lórí tábìlì, Surprised by Hope ni orúkọ rẹ̀, N. T. Wright ló kọ ọ́. Mo ka orí méjì, oorun ò sì kùn mí mọ́ lóru ọjọ́ náà. Ọkùnrin yìí ní kì í ṣe ká kú ká lọ sí ọ̀run ni olórí ìrètí onígbàgbọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún gbọ́nhan wá? Ṣé kí n máa kà á lọ ni, àbí kí n pa á dé? (Òǹkàwé, Iléṣà)

Ẹ má pa á dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó sọ gan-an, torí ohun tó ń lé oorun lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìwé náà, òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sọ ọ́.

N. T. Wright kì í ṣe ẹni tó dúró lẹ́yìn òde ìjọ tó ń sọ òkò sínú ilé. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i ní Morpeth, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà Áńgílíkà ni. Ó ṣe bíṣọ́ọ̀bù Durham láti 2003 sí 2010, lẹ́yìn náà ló lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì St Andrews ní Scotland. Májẹ̀mú Tuntun àti ìtàn àwọn Júù ìgbà ayé Jésù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2003, ó gbé ìwé kan jáde, The Resurrection of the Son of God, tí ojú-ìwé rẹ̀ lé ní 700. Ohun tó fi gbogbo rẹ̀ jà fún ni pé ibojì Jésù ṣófo lóòótọ́, àti pé ara tí wọ́n sin náà ló jí dìde. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Wright kò gba àjíǹde gbọ́, kò tíì ṣí ìwé rẹ̀ wò.

Ohun tó sọ rèé. Ipele méjì ló wà lẹ́yìn ikú. Ní ipele kìíní, onígbàgbọ́ tó kú wà lọ́dọ̀ Kristi, nínú ìsinmi. Fílípì 1:23 àti Lúùkù 23:43 ló gbé e lé. Ní ipele kejì, Kristi padà dé, àwọn òkú jí dìde pẹ̀lú ara, Ọlọ́run sì sọ ọ̀run àti ayé di ọ̀tun. Ẹ wo ibi tí ìlú mímọ́ náà kọjú sí ní Ìfihàn 21:2: láti ọ̀run ló ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Kò sí ẹni tó ń gòkè lọ síbẹ̀ nínú ẹsẹ náà. Ẹjọ́ tí Wright ń rò ni pé a ti mú ipele kìíní, a fi rọ́pò èkejì, títí àjíǹde ara fi di ohun tí a ń kà nínú ìwé àdúrà tí a kì í rántí mọ́ bí a bá ti dìde lórí ìjókòó. Ẹ ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpósítélì láti òkè délẹ̀. Ibi tí ó parí sí ni "àjíǹde ara, àti ìyè àìnípẹ̀kun." Kristi nìkan ni ó sọ pé ó gòkè re ọ̀run.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ? Wright fúnra rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí Plato lọ́rùn, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì ayé àtijọ́ tó kọ́ni pé ọkàn dára ju ara lọ, pé ara dà bí ẹ̀wọ̀n. Ìyẹn lè tó fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ti ọwọ́ Plato wá. Ayé lọjà, ọ̀run nilé: àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ kí ajíhìnrere kankan tó gúnlẹ̀ sí Badagry. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀run la ti wá, a wá ná ọjà, bí ọjà bá tú a ó gba ilé lọ. Nígbà tí a wá túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ "ọ̀run" náà ni a lò, ọ̀rọ̀ náà kò sì dá wọlé, ó ru ẹrù rẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀, Jẹ́nẹ́sísì kò sọ níbì kankan pé ọ̀run ni a ti gbéra wá sí ọjà. Ohun tó sọ ni pé inú ayé ni Ọlọ́run dá ènìyàn sí, ó wò ó, ó ní dáradára ni. Nítorí náà, nígbà tí Wright bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ń ṣẹ́ nínú wa kì í ṣe Bíbélì. Òwe kan tí a so mọ́ Bíbélì, tí okùn rẹ̀ ti pẹ́ débi pé a kò rí i mọ́, ló ń já.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ kò di asán. Ó kù síbì kan ni. Ẹ kọ́ wọn pé ẹni tó sùn nínú Kristi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi èyí tó kù kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ kà nínú ìwé rẹ̀? Níbí, mo rí "Tom Wright" lórí àwọn kan, "N. T. Wright" lórí àwọn mìíràn. Ṣé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni? Mo ra èyí tó tóbi jù nítorí mo rò pé òun ló máa pé jù, mo kà á dé ojú-ìwé 60, ó sú mi. (Òǹkàwé, Peckham, London)

Ènìyàn kan náà ni. Ní Britain, Tom Wright ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára ìwé tó kọ fún gbogbo ènìyàn, N. T. Wright sì wà fún èyí tó kọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Orúkọ tó wà lára èèpo ìwé ti sọ bó ṣe máa le tó fún yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀rù ń bà wá pé Paul and the Faithfulness of God ti 2013 ni ẹ gbé. Apá méjì ni, ojú-ìwé rẹ̀ sì lé ní 1,500. Kì í ṣe pé ẹ kò gbọ́n tó. Ìwé kẹrin ni nínú ọ̀wọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ó sì kọ ọ́ bíi pé ẹ ti ka mẹ́ta tó ṣáájú. Ẹni tó bá wọ ìpàdé nígbà tí wọ́n ti ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá lọ, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé. Ẹ gbé e sórí pẹpẹ ìwé ná.

Surprised by Hope ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Apá mẹ́ta ni, orí 15. Kí ẹ tó ṣí i rárá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ka Bíbélì nìkan: 1 Kọ́ríńtì 15, gbogbo ẹsẹ 58, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ ka ti Yorùbá sókè ketekete ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan, torí etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú ti mọ́ lára. Lẹ́yìn náà, Rómù 8:18-25, 1 Tẹsalóníkà 4:13-18, kí ẹ fi Ìfihàn 21 àti 22 kádìí. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ohùn Wright ni ẹ ó máa gbọ́ nígbà tí ẹ bá padà dé inú Bíbélì, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù mọ́ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Orí méjì lọ́sẹ̀ tó. Orí 3 àti orí 4 ni kí ẹ fún ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìtàn ló wà níbẹ̀: ohun tí àwọn Júù àti àwọn kèfèrí ìgbà náà gbà gbọ́ nípa òkú, àti ìdí tí ìròyìn àwọn obìnrin tó lọ sí ibojì kò fi lè jẹ́ àròsọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.

Ẹ fa ìlà sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tó sọ, ní gbólóhùn kan. Ní ìkejì, ẹsẹ Bíbélì tó gbé e lé. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: irú ọ̀rọ̀ wo ni? Mẹ́ta péré ni ẹ ó bá pàdé. Èyí àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìtàn, bíi pé ọ̀pọ̀ àwọn Júù ń retí àjíǹde gbogbo olódodo lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọn kò retí ti ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọ̀nà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni ìkejì. Èrò tirẹ̀ lórí ohun tó yẹ ká ṣe ni ìkẹta. Ìwọ̀n kan náà kọ́ la fi ń wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní apá kẹta ìwé náà, fún àpẹẹrẹ, ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó fagi lé gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n lára, torí ní 2005 ni àwọn ayánilówó tí à ń pè ní Paris Club fagi lé bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú gbèsè wa. Síbẹ̀, ènìyàn lè gba gbogbo ohun tó sọ nípa àjíǹde kó má sì gba ti gbèsè, tàbí kó ṣe òdìkejì. Àwọn tó so méjèèjì pọ̀ ni wọ́n máa ń ju gbogbo ìwé náà nù nítorí orí kan.

Ibi tó rọ jù lójú tiwa ni orí 11, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀run àpáàdì. Ó ní ẹni tó bá ń bọ ohun tí kì í ṣe Ọlọ́run títí lọ, àwòrán Ọlọ́run á máa ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní jẹ́ ènìyàn mọ́. Ẹsẹ Bíbélì tó fi gbè é lẹ́sẹ̀ kò pọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé kò sẹ́ni tó lè ní òun ti rin ilẹ̀ yẹn já.

Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá sú yín, ọ̀wọ́ ìwé rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ For Everyone, ìwé 18, láti Mátíù dé Ìfihàn. Òun ló túmọ̀ Bíbélì inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ díẹ̀, àlàyé ojú-ìwé méjì-mẹ́ta, ó tán. Ti Máàkù dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ òótọ́ ni Wright ń sọ, kí la fẹ́ ṣe sí Jòhánù 14:2, "ọ̀pọ̀ ibùgbé"? Kí la fẹ́ ṣe sí Fílípì 3:20 tó ní ọ̀run ni ìlú wa? Pàápàá jù lọ 2 Pétérù 3:10, tó ní ayé máa jóná. Ohun tó máa jóná, ta ló ń tún un ṣe? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ẹ ti mú ibi tó yẹ kí ẹ mú. A ó mú wọn níkọ̀ọ̀kan, torí agbára ìdáhùn rẹ̀ kò dọ́gba lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lórí Fílípì, ìdáhùn rẹ̀ lágbára púpọ̀. Lẹ́yìn ogun tó wáyé níbẹ̀ ní ọdún 42 kí wọ́n tó bí Jésù ni àwọn ará Róòmù kó àwọn jagunjagun wọn tó ti fẹ̀yìn tì sí ìlú Fílípì. Ọmọ Róòmù ni wọ́n lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n wọn kò fi wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n lè máa retí ọjọ́ tí wọn yóò padà sí Róòmù. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí ìṣe Róòmù lè gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀tá bá sì ká wọn mọ́, Késárì ni yóò ti Róòmù wá gbà wọ́n. Ẹ wá ka ẹsẹ 20 tán, kí ẹ má dúró sí àárín: láti ọ̀run ni a ti ń retí Olùgbàlà, ẹsẹ 21 sì ní ara wa ni yóò yí padà. Òun ló ń bọ̀ níbí. Ẹni tó bá ń gé ẹsẹ yìí sí méjì ló ń rí i pé àwa là ń lọ.

Lórí Jòhánù 14:2, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Wright ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, monē, ilé èrò ni, ibi tí arìnrìn-àjò ń sùn mọ́jú kó tó tẹ̀ síwájú. Ìyẹn yóò bá ipele kìíní rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ náà wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì wà nínú orí kan náà, ẹsẹ 23, níbi tí Jésù ti ní òun àti Baba yóò wá fi ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn òun ṣe ibùgbé. Èyí kì í ṣe ilé èrò. Ó dára tí Bíbélì Yorùbá lo "ibùgbé" ní ibi méjèèjì, ẹni tó ń ka Yorùbá ní láti rí i kíákíá ju ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọwọ́ Wright kò ba èyí dáadáa.

Ti 2 Pétérù ló gba sùúrù. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì àtijọ́ kò sọ ohun kan náà ní òpin ẹsẹ 10. Àwọn kan ní ayé àti iṣẹ́ inú rẹ̀ "yóò jóná." Méjì nínú èyí tó pẹ́ jù, Sinaiticus àti Vaticanus, ní "a ó rí i," ìyẹn ni pé yóò hàn gbangba, a ó rí ìdí rẹ̀. Èyí tó ní "jóná" ni àwọn tó ṣe Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 lò, òun náà sì ni Bíbélì Yorùbá wa àtijọ́, tó pé ní 1884, tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ní NIV, ìtumọ̀ Bíbélì òde òní ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣí i, ẹ ó rí i pé ó ti yí padà. Ẹ tún padà sí ẹsẹ 6 nínú orí kan náà: ayé ìgbà Nóà ṣègbé sínú omi. Ṣé ilẹ̀ tí a dúró lé lónìí kọ́ ni? Ìṣègbé tí Pétérù ń sọ, ìwẹ̀nùmọ́ ló jọ, bí iná alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣe sí wúrà. Síbẹ̀, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, torí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí bí "a ó rí i" ṣe máa túmọ̀.

Ẹ tún béèrè, ní òpin lẹ́tà yín, pé kí ni "ara ẹ̀mí" nínú 1 Kọ́ríńtì 15:44 bí kì í bá ṣe pé a kò ní lára mọ́. Ẹ wo fáànù iná. Iná kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, irin àti ike ni. Iná ni ohun tó ń yí i. Ara tí Ẹ̀mí Ọlọ́run ń mú wà láàyè ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, ara gidi tí kò ní díbàjẹ́ mọ́.

Ìgbàsókè ńkọ́? Nínú ìjọ wa, ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, wọn kì í fún un ní iṣẹ́ ṣe. (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Wright gbà pé Kristi ń padà bọ̀, ní gbangba, ní ti ara. Ohun tí kò gbà ni pé yóò wá ní ìkọ̀kọ̀ kó àwọn onígbàgbọ́ lọ, kí ayé wá wà nínú ìpọ́njú, kó tó tún padà wá. Ẹ̀kọ́ yẹn kò dàgbà. Oníwàásù kan, John Nelson Darby, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1830 ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bíbélì Scofield ti 1909, tó ní àlàyé lábẹ́ ẹsẹ, sì gbé e kiri Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ wa.

1 Tẹsalóníkà 4:17 ni gbogbo ẹjọ́ náà. Bíbélì Yorùbá ní a ó lọ "pàdé Olúwa ní ojú ọ̀run." Ojú ọ̀run, sánmà ni. "Ojú" tó ṣáájú "ọ̀run" níbẹ̀ ti jẹ́ ká mọ̀ pé sánmà ni, kí iyàn tó bẹ̀rẹ̀. "Pàdé" wá ńkọ́? Bí ọba bá ń ti ìrìn-àjò bọ̀, tí àwọn ìjòyè àti onílù lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi, ṣé wọ́n á bá a padà sí ibi tó ti ń bọ̀ ni? Wọ́n á yí padà, wọ́n á sìn ín wọ ìlú. Bí ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ṣe ṣiṣẹ́ nìyẹn nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì 28:15, níbi tí àwọn ará ti Róòmù jáde wá pàdé Pọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà, gbogbo wọn sì jọ wọ Róòmù. Bó ṣe rí nìyẹn nínú Mátíù 25:6, nígbà tí àwọn wúńdíá jáde lọ pàdé ọkọ ìyàwó.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ko èyí yóò ní Pọ́ọ̀lù kò sọ ibi tí wọ́n yà sí lẹ́yìn ìpàdé. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sì lè ru gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ẹ fi ẹsẹ 16 tì í lẹ́yìn: Olúwa fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀kalẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ inú ìjọ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí wá ìjà. Bí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ sọ ohun tí ẹ gbà gbọ́ láìfi bò: Jésù ń bọ̀, òkú yóò jí, ìdájọ́ wà. Bí wọ́n bá tún béèrè síwájú, ẹ má purọ́ nítorí ipò.

Olùṣọ́-àgùntàn wa ní Wright ń kọ́ni pé iṣẹ́ ni a fi ń rí ìgbàlà, pé ó ti padà sí ohun tí Martin Luther, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, sá kúrò nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Olùṣọ́-àgùntàn yín kò dá nìkan wà. John Piper, oníwàásù Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé ta ko Wright lórí èyí ní 2007, Wright sì fi ìwé tirẹ̀, Justification, dá a lóhùn ní 2009. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà dénú kó ka méjèèjì, ti Piper ṣáájú.

Ìpìlẹ̀ ìjà náà ju Wright lọ. Ní 1977, ọ̀mọ̀wé kan, E. P. Sanders, fi ìwé àwọn Júù ayé àtijọ́ hàn pé wọn kò rò pé iṣẹ́ rere làwọn fi ń ra ojúrere Ọlọ́run. Ọlọ́run ti kọ́kọ́ yàn wọ́n, òfin sì ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé nínú májẹ̀mú náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Pọ́ọ̀lù ń bá jà nígbà tó ní "iṣẹ́ òfin" kò dá ẹnikẹ́ni láre? Wright ní àmì tó ya Júù sọ́tọ̀ ni: ìkọlà, oúnjẹ, ọjọ́ ìsinmi. Ẹ ka Gálátíà 2:11-14 wò. Ọ̀rọ̀ tábìlì oúnjẹ ló dá ìjà sílẹ̀ ní Áńtíókù: Pétérù kò bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun mọ́.

Ibi tí Yorùbá ti lè ran èyí lọ́wọ́ rèé, ó sì dùn mọ́ wa láti sọ ọ́. "Ìdáláre" ni Bíbélì wa pè é. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Ẹni méjì wá síwájú adájọ́, ọ̀kan jàre, èkejì jẹ̀bi. Nígbà tí adájọ́ bá dá ènìyàn láre, ṣé adájọ́ bọ́ ìwà tirẹ̀ fún un wọ̀ bí agbádá ni? Rárá o. Ó kéde ibi tí onítọ̀hún dúró sí ni: "O jàre." Gẹ́lẹ́ ohun tí Wright ń sọ nìyẹn, pé òdodo adájọ́ kì í ṣe ohun tí a ń gbé kọjá nínú kóòtù láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Piper ní bí a kò bá ka òdodo Kristi gan-an sí wa lọ́rùn, ìdáláre kò ní ìdí tó dúró lé. Wright ní ìdí rẹ̀ ni pé a wà nínú Kristi, tí Ọlọ́run ti dá láre nígbà tó jí i dìde. Ọ̀rọ̀ tó le ni. Àwọn olóòótọ́ ènìyàn wà ní ìhà méjèèjì, 2 Kọ́ríńtì 5:21 sì ni wọ́n ti ń fa aṣọ ya jù.

Wright gbà pé nípa ìgbàgbọ́ nìkan ni a ń dá wa láre nísinsìnyí. Ohun tó mú wọn fi ẹ̀sùn iṣẹ́ kàn án ni Rómù 2:13. Ó ní ẹsẹ yẹn kì í ṣe eré, pé ìdájọ́ ìkẹyìn yóò bá ìgbésí ayé tí Ẹ̀mí gbé nínú wa mu. Nígbà tó kọ́kọ́ ń kọ ọ́, àwọn gbólóhùn rẹ̀ kan lọ́ síra, ó dà bíi pé orí iṣẹ́ ni ìdájọ́ náà dúró lé, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba ọ̀pọ̀. Ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti sọ pé ó ń kọ́ni pé iṣẹ́ la fi ń ra ìgbàlà, irọ́ ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún olùṣọ́-àgùntàn yín lẹ́yìn ìsìn, ní ẹ̀yin méjì, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti ojú-ìwé tí ẹ ti sàmì sí. Gbólóhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìsí orúkọ ìwé àti ojú-ìwé, ẹ má fi bá wọn jiyàn.

Bàbá wa sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni wọ́n ní kó sọ ọ̀rọ̀ níbi àìsùn. Mo ti ka ìwé yìí tán, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ dìde sọ pé "Bàbá ti délé" mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí Olúwa tu gbogbo ẹbí nínú.

Ibi àìsùn kì í ṣe ibi tí a ti ń tún ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe. Opó jókòó síwájú, àwọn ọmọ kò tíì jẹun. Ẹ má ṣe sọ pé Bàbá kò sí lọ́run. Wright kò sọ bẹ́ẹ̀, àti pé bí ẹ bá sọ ọ́, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Bí aládùúgbò bá ní "Bàbá ti délé," ẹ ṣe àmín. Ohun tó ń sọ ni pé Bàbá wà ní ọwọ́ rere.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ẹ ka 1 Tẹsalóníkà 4:13 àti 14. Ẹ sọ pé Bàbá wà lọ́dọ̀ Kristi, ó ń sinmi. Ẹ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ pé kò tíì tán: ara tí a fẹ́ gbé sínú ilẹ̀ lọ́la, ọwọ́ tó gbé gbogbo yín jó, Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá ka 1 Kọ́ríńtì 15:20, kí ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "àkọ́so." Ìjẹ̀bú mọ àkọ́so. Bí àgbẹ̀ bá gbé iṣu tuntun àkọ́kọ́ wọlé, kò sẹ́ni tó máa rò pé ọ̀kan yẹn nìkan ló ta nínú oko. Ẹ jókòó síbẹ̀, kí wọ́n dá orin.

Ní ibojì lọ́jọ́ kejì, ẹ bẹ àlùfáà kó ka ẹsẹ 42 sí 44, ní Yorùbá, kí wọ́n tó da erùpẹ̀.